Ilé Tí Mo Bá Ọmọ Ajá Kan Wá

Lọ́dún tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, ajá gé mi jẹ ní Mile 2. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ níkùn, títí tí mi ò fi lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà mọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí ajá lọ́ọ̀ọ́kán, apá kejì títì ni mo ń bọ́ sí. Èmi náà ni mo wá gbọ́ igbe ọmọ ajá nínú gọ́tà ní Festac, láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò ńlá. Ìgbálẹ̀ ni mo fi gbá a sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ọwọ́ mi má baà kàn án.

Ìyàwó mi wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wò mí. "Dádì, ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún ajá?" Ó ní bí mi ò bá rí ilé fún un kó tó di Jímọ̀, òun á dá a padà sínú gọ́tà. Òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan nítòsí Trade Fair. Inú rẹ̀ dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Kò béèrè bóyá akọ ni tàbí abo; ó kàn gbé e sókè, ó ń fọwọ́ wò ó bó ṣe wúwo tó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ó rù, àmọ́ màá bọ́ ọ. Tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, á ti sanra."

"Kí ló wà lóṣù kẹjọ?"

Ó wò mí bíi pé àná ni mo dé Èkó. "Ògún la fẹ́ bọ. Ṣé ẹ̀yin kì í wọkọ̀ ni?"

Mo dúpẹ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, torí sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi padà sílé.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù Alhaja tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa. Mílíìkì àti ṣúgà ni wọ́n kó, lásìkò tí méjèèjì wọ́n bí ojú. Alhaja yìí ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ajá ò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà òun kọjá. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Bọ̀dá, ajá yín yẹn, ṣé ó máa ń gbó?"

Mi ò tíì gbọ́ ọ kó gbó rí. Mo ní, "Ó ṣì kéré ni, mà."

"Ẹ̀sìn ò kọ ajá tó ń ṣọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n itọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kan ẹnikẹ́ni nílé mi, a ń kírun. Ẹ̀yin lẹ ó máa fún un lóúnjẹ, ẹ̀yin lẹ ó sì máa wẹ̀ ẹ́."

"Èmi kẹ̀?"

"Àbí ta ló gbé e wá?"

Bí ajá ṣe rílé nìyẹn, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ páànù. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èmi ni mo ń gbé ẹ̀bà sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, màá sì fi igi gígùn ti abọ́ náà sún mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ kẹta, kò dúró de igi. Ó sáré wá, ó lá mi lọ́wọ́. Mo já abọ́ sílẹ̀, mo sá lọ sídìí omi ẹ̀rọ, mo ń fọ ọwọ́, èmi tí mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀ẹ̀meje ni ẹ̀sìn tiwa ní ká fọ ibi tí ajá bá lá," Alhaja wí lójú fèrèsé, ohùn rẹ̀ tutù. "Ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ fọ ọ̀kan níbẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu iyẹ̀pẹ̀.