Ẹ-Bọ́ọ́lẹ̀ àti Ìjókòó Ẹ̀yìn

Ẹ̀gbọ́n mi ni rewáyà tí gbogbo àdúgbò wa ń pè ní Ẹ-Bọ́ọ́lẹ̀. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́, ẹnu ara rẹ̀ ló fi fà á. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń tún wáyà mọ́tò ṣe, bó bá sì fẹ́ wa mọ́tò dán wò, kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ àfi òun nìkan. Onímọ́tò ni o, ìyàwó onímọ́tò ni o, "Ẹ bọ́ọ́lẹ̀!" ló máa pariwo mọ́ gbogbo wọn. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí mọ́tò ń sọ.

Èmi ni mo ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀. Pákó lásán ló là wá láàárín, gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ ló sì ń gba abẹ́ pákó náà wọlé tọ̀ mí. Mo kórìíra ẹ̀gbin, Ọlọ́run wá fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi! Ọwọ́ tó fi tú bátìrì náà ló fi ń jẹ búrẹ́dì. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Àbúrò mi, ọwọ́ yìí ló rán ẹ nílé ìwé," á wá nu ọwọ́ ọ̀hún sí aṣọ ẹnu ọ̀nà mi. Ṣíọ̀!

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́. Ibi tó bá ti so wáyà méjì pọ̀, á fi tépù dúdú wé e, á tún fi òwú pupa yí i lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí rewáyà mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa. "Kí wọ́n lè mọ ọwọ́ mi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì tẹ àyà síwájú.

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan báyìí ni Ìyá Agbẹ̀bí gbé mọ́tò rẹ̀ dé. Bí ìbímọ bá le ju ohun tí ilé ìwòsàn kékeré lè ṣe lọ, mọ́tò yẹn ló ń gbé obìnrin lọ sí ọsibítù ńlá. Ìyá kò tilẹ̀ jókòó.

"Rewáyà, ó tún kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìgbà kẹrin rèé. Ẹ̀bá títì ni ọmọ ti jáde ní Sátidé, nínú òjò. Ọmọ náà kò sunkún. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu títí òòyì fi ń kọ́ mi, kó tó wá sunkún." Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀la ni mo máa gbé ìyàwó télọ̀ lọ. Ìbejì ni, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tó ò bá ní lè tún un ṣe lónìí, sọ fún mi, kí n yáa mọ̀ pé mi ò ní mọ́tò."

"Ìgbà wo gan-an ló máa ń kú, mà?"

"Ìgbà tí mo bá gbé aláboyún ni. Tó bá jẹ́ èmi nìkan, kì í ṣe nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Mà, ṣé mọ́tò mọ aláboyún ni? Àbí ó ń yẹ ikùn wọn wò?"

Àwọn mẹkáníìkì tó wà nítòsí bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín. Ó rí mi lára. Ẹni tó ń wa mọ́tò ń sọ ohun tó fojú rí fún un, ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́!

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yẹ bátìrì wò, ó tú gbogbo fíùsì, ó fi gílóòbù ìdánwò kan wáyà kọ̀ọ̀kan níwájú. Bó ṣe ń ṣe é ló ń bú gbogbo àwọn tó ti fọwọ́ kàn án ṣáájú. Wọ́n ti pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì, wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, kò sì yí padà. "Ọ̀bùn ni gbogbo wọn! Ọwọ́ wọn ò mọ́, iṣẹ́ wọn ò mọ́!" Ọ̀bùn ń bú ọ̀bùn. Ìyá ní kó jẹ́ kí òun bá a lọ nígbà tó fẹ́ wà á dán wò. "Ẹ bọ́ọ́lẹ̀, mà." Ó wà á lọ wà á bọ̀ nígbà mẹ́ta, òun nìkan, mọ́tò náà ò tilẹ̀ wúkọ́.

Nígbà tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, ó nu ọwọ́. "Ẹ máa gbé e lọ, mà. Kò sí nǹkan tó ń ṣe é."

Inú bí mi débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò. Mo tóbi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ju ara mi sórí ìjókòó, ìjókòó náà ké.

"Bọ́ọ́lẹ̀!"

"Mi ò bọ́ọ́lẹ̀! Wà á!"

Ó fi ìbínú wà á, ó ń mọ̀ọ́mọ̀ já sí kòtò kí ara lè ni mí. Kòtò àkọ́kọ́, kò sí nǹkan. Bá a ṣe já sí ìkejì, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì kú. Ó yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò ṣiṣẹ́. Ó ní kí n bọ́ọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Mo bọ́ọ́lẹ̀, ó yí i, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Mo padà wọlé, mo mi ìdí lẹ́ẹ̀kan, ó tún kú.

"Ìwọ lò ń pa á," ló wí.

"Èmi kọ́. Abẹ́ ìjókòó ni kó o lọ wò."

Ó dá wà á padà, mo fẹsẹ̀ rìn. Kí n tó dé, ó ti ń ká ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Yéè! Òórùn tó jáde níbẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ tó ti gan mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, òwú ìwòsàn tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìgò wàrà ọmọ tó ti dìdin, àti ìtẹ́ eku, ọmọ rẹ̀ mẹ́rin tí kò tíì hu irun ń jà pìtìpìtì nínú rẹ̀. Mo fi gèlè bo imú. Láàárín ẹ̀gbin yẹn ni wáyà pọ́ǹpù epo gbà kọjá, lábẹ́ irin ìjókòó gan-an. Bí ènìyàn bá jókòó, irin á tẹ ojú ibi tí wọ́n ti so ó. Tépù ti ya, bàbà inú rẹ̀ ti dípẹtà, fọ́nrán méjì péré ló kù tó so mọ́ra.

Ẹ̀gbọ́n mi pariwo. "Ọ̀bùn wo ló gba wáyà abẹ́ irin kọjá? Ta ni aláìníláárí tó..."

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Òwú pupa ló wà lára tépù náà, ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta.

Kíá ló fi ọwọ́ bò ó. Ó fi pílíà gé e, ó sọ ọ́ sápò. "Àbúrò mi, má sọ fún Ìyá," ló ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo so ó, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, mo ń kánjú. Dákun, orúkọ mi ni."

Àwọn eku yẹn kò rí mi lára tó ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí kò sunkún nínú òjò ni mo ń rò.

Ó gé gbogbo èyí tó ti jẹrà dànù. Ó fa wáyà tuntun gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, jìnnà sí irin, ó ki í bọnú rọ́bà, ó yọ́ òjé sí ojú ìsopọ̀ rẹ̀. Kò fi òwú kankan yí i.

Ìyá jáde láti ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tó ti ń retí wa. "Kí ló ṣe é?"

"Wáyà kan ni, mà. Wọ́n gbà á síbi tí kò yẹ."

"Àwọn wo?"

Ó wò mí. Mo tẹjú mọ́ ọn, mi ò ṣẹ́jú. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú òwú náà jáde.

"Èmi ni, mà."

Ìyá gba òwú náà, ó yí i wò. "Mo sọ fún ẹ pé ìgbà tí mo bá gbé aláboyún ni."

"Ẹ sọ ọ́, mà."

"O sì fi mí rẹ́rìn-ín."

"Mo rẹ́rìn-ín, mà."

Ìyá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Wọlé. Dùbúlẹ̀ síbi tí wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ sí."

Ó dùbúlẹ̀, ó ká orúnkún, imú rẹ̀ wà lórí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ìjókòó náà gan-an. Mo jókòó síwájú. Ìyá kọrí sí ọ̀nà ọsibítù ńlá, kò sì yẹ kòtò kankan. Mọ́tò ò kú. A dé ẹ̀bá títì kan tí koríko ti tẹ́ pẹrẹsẹ, Ìyá dúró.

"Ibí ni," ló wí.

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti ẹ̀yìn wá. "Mà, ṣé kí n bọ́ọ́lẹ̀?"

"Rárá. Dùbúlẹ̀ síbẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a tó ń fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ ìjókòó náà, kò jẹ́ kí n bá a fọwọ́ kàn án. Ìyàwó télọ̀ lọ ní aago mẹ́sàn-án. Fóònù mi dún lẹ́yìn aago méjìlá, Ìyá ló ń pè: ìbejì méjèèjì ló sunkún, ojú ẹsẹ̀ ni. Mo kígbe ọ̀rọ̀ náà gba ojú pákó. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó fi ọwọ́ fọn ikun, ó sì wá nu ọwọ́ náà sí aṣọ ẹnu ọ̀nà mi. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò sọ nǹkan kan.