Ọkọ̀ Tó Gbé Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Dé Zion Pepe

Ìtẹ́olúwakìṣí ló ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù láti Igbokoda lọ sí Zion Pepe. Ọmọ apẹja ni. Ẹni tó bá gbọ́ orin lójú omi á ti mọ̀ pé òun ló ń bọ̀.

Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wà lábúlé wọn láti ọdún tó kọjá, àmọ́ irin lásán ni. Òkè òkun ni àwọn bátìrì àti ẹ̀rọ tó yẹ kó wà lára rẹ̀ ti ń bọ̀. Wọ́n há sí èbúté Èkó, nígbà tí wọ́n sì jáde, wáyà tó bá wọn wá kò bá wọn mu. Igbokoda ni èèyàn ń wọkọ̀ lọ kó tó lè pe ará ilé rẹ̀. Láti Kérésì ni ìyá Ìtẹ́olúwakìṣí kò ti gbọ́ ohùn Moríkẹ́, àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní Ẹ̀pẹ́.

Nígbà tí ẹrù pé wàyí, ọkọ̀ ńlá tí ilé iṣẹ́ tó ni òpó náà háyà kò lè kọjá, koríko ti bo ojú omi. Godspower, ẹnjiníà tó tẹ̀ lé ẹrù náà, jókòó sórí àpótí ní èbúté Igbokoda, ó káwọ́ lérí.

"Tá a bá dá a padà, ó lè di ọdún tó ń bọ̀," ló wí.

Ìtẹ́olúwakìṣí wo àwọn àpótí náà yíká. "Ọkọ̀ mi nìkan kò ní gbà á. Ẹ jẹ́ kí n pe Olówòkéré."

Olówòkéré, tóun náà ń kó ẹrù, mú ọkọ̀ tirẹ̀ wá. Wọ́n so ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n tẹ́ pákó lé wọn lórí. Godspower to àpótí kí ìhà kan má bàa tẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi koríko, wọ́n pa ẹnjìnnì, wọ́n fi ọ̀pá ti ọkọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ìtẹ́olúwakìṣí ń kọrin, ẹnjiníà ń bá a gbè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ọ̀rọ̀ orin náà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí Godspower ti to ẹ̀rọ sára òpó, Ìtẹ́olúwakìṣí ń yan ẹja lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún nínú ilé. Moríkẹ́ ni.

"Ṣé Igbokoda lo wà ni?"

"Ilé ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi. Màmá rèé."

Ìyá gba fóònù. "Moríkẹ́, ṣé o ti jẹun?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, kò sì lè dá a dúró mọ́.

Ìtẹ́olúwakìṣí jáde síwájú ilé. Fóònù ń dún láti ilé dé ilé, àwọn èèyàn ń pariwo sínú rẹ̀ bíi pé òdìkejì odò ni wọ́n ti ń pe ara wọn. Ó jókòó sórí pákó tó wà létí omi, ó na ẹsẹ̀ sínú omi, ó ń gbọ́ wọn.