Fàdìlàt Kì Í Ṣa Àkísà

Láti ìgbà tí Fàdìlàt ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìdímù ni inú ti ń bí i. Ọ̀gá rẹ̀ á gba yáàdì márùn-ún lọ́wọ́ oníbàárà, á yọ ìdajì yáàdì sábẹ́ tábìlì, á tún fi ojú tó le sọ pé aṣọ náà kò tó. Fàdìlàt ló ń gbálẹ̀, òun náà ló sì ń di àwọn àgékù aṣọ sínú ọ̀rá lọ dà sí gọ́tà. Ìgbà náà ló ti mọ̀ pé kò sí télọ̀ kan tí àwọn obìnrin kì í fura sí.

Nígbà tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìgàndó, kò lówó tí yóò fi tẹ ìwé ìpolówó, kò sì wù ú láti tẹ̀ ẹ́. Ìwé tí wọ́n bá pín lójú ọ̀nà láàárọ̀, inú gọ́tà ló ń sùn lálẹ́. Ó jókòó, ó ro ohun tó ń dun oníbàárà jù. Kì í ṣe pé aṣọ pẹ́, wọ́n ti gba kámú lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé wọn kì í mọ ibi tí èyí tó ṣẹ́kù nínú aṣọ wọn ń gbà lọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgékù aṣọ oníkálukú rán àpò fún un. Inú rẹ̀ ló ń kó aṣọ tó ti rán tán sí dípò ọ̀rá, á sì fi òwú kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìrépé tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ pàápàá, á rán an mọ́ ọwọ́ àpò kó lè nípọn.

Àwọn obìnrin gbé e lọ sọ́jà, wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé kéú. "Ta ló rán èyí fún ẹ?" Láàárín ọdún méjì, Fàdìlàt, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ìyá Bàrákàt, ti ní ẹ̀rọ mẹ́ta.

Charles wá dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, láti ẹgbẹ́ kan tó ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú àyíká, kámẹ́rà lọ́rùn.

"Mọ́mì, ohun tí ẹ̀ ń ṣe yìí, yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ o!"

Ó ní kí àwọn lọ ya àwòrán lẹ́bàá ààtàn, torí pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára. Fàdìlàt tẹ̀ lé e. Kò tíì dárí ìyẹn ji ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bánà ńlá kan yọ ní bọ́ọ̀sì-sitọ́ọ̀bù. Fàdìlàt ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, àpò mẹ́ta lọ́wọ́, òkìtì ààtàn lẹ́yìn rẹ̀, lékeléke lórí òkìtì. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà: LÁTI ÀÀTÀN DI ẸWÀ. Kò sẹ́ni tó bi í.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti di Ìyá Ààtàn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní báńdéèjì tí wọ́n fi di egbò ló ń ṣà rán. Oníbàárà mẹ́rin ti wá gba aṣọ wọn kí Màmá Olúwaníyì, tíṣà ará Èkìtì, tó wọlé.

"Ìyá Bàrákàt, aṣọ mi ni mo wá gbà. Ìgbéyàwó ọmọ mi ni, mi ò lè wọ ìdọ̀tí lọ síbẹ̀."

"Ìdọ̀tí wo, mà?"

"Ẹ ò rí bánà ni? Ẹ tiẹ̀ gba àpò yín náà." Ó jù ú sórí tábìlì.

Fàdìlàt fà á mọ́ra. Ó yí inú àpò náà síta. "Ẹ wò ó dáadáa, mà. Aṣọ ta nìyí?"

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn. "Ó jọ… àǹkárá tí mo wọ̀ ní Kérésì."

"Òun ni. Orí ààtàn lẹ ti gbé e wá fún mi?"

Màmá Olúwaníyì mí kanlẹ̀. "Èmi ti mọ̀ báyìí. Àwọn àna mi ńkọ́? Àwọn náà ń gba Ìgàndó kọjá." Ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Èyí ló dun Fàdìlàt jù. Ó fi fóònù pe Charles, ó yá àkàbà lọ́wọ́ Yésúfù tó ń kun ilé, ó mú ọ̀bẹ, ó di bọ́ọ̀sì-sitọ́ọ̀bù. Okùn kan ló kù kó gé nígbà tí Charles fi òógùn sáré dé.

"Mọ́mì, ẹ sọ̀kalẹ̀ jàre! Owó ńlá la fi tẹ̀ ẹ́ o!"

"Ta lo bi?"

"Ìpolówó ni! Gbogbo ayé ti mọ̀ yín báyìí."

"Kí ni wọ́n mọ̀ mí sí?"

Bánà já wálẹ̀. Charles gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ kúkú fi rán àpò. Ike gidi ni, kì í tètè gbó."

Àwọn tó dúró wòran bú sẹ́rìn-ín. Fàdìlàt sọ̀kalẹ̀, ó dúró lé àwòrán ojú ara rẹ̀ lórí bánà tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì pé kéèyàn má fi nǹkan ṣòfò. Wọn ò sọ fún ẹ pé orúkọ èèyàn wà lára nǹkan?"

Charles ká bánà rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò, ó wakọ̀ lọ láìdágbére.

Méjì nínú oníbàárà márùn-ún náà ti padà. Màmá Olúwaníyì kò sí lára wọn. Télọ̀ mìíràn ló rán aṣọ ìgbéyàwó yẹn, ó sì gbé àgékù rẹ̀ mì. Tó bá kí Fàdìlàt lójú ọ̀nà, Fàdìlàt á di eyín mọ́ eyín dá a lóhùn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ṣì ń ké sí i pé, "Ìyá Ààtàn, ẹ wọlé, a ti ń lọ!" Ọjọ́ tó bá gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn délé.