Ọjọ́ Tí Bàbá Tíṣà Káwọ́ Gbera

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ pé orílẹ̀-èdè ńlá kan ti gbógun wọ ilẹ̀ kékeré, òṣé Bàbá Tíṣà ni mo máa ń rántí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí. Bí rédíò bá ti sọ pé ìjọba kékeré kan kọ̀, kò dìbò tako agbalẹ̀-onílẹ̀ níbi ìpàdé àgbáyé, Bàbá á pòṣé ràn-ìn.

"Òfin lodi ìlú tí ò lọ́mọ ogun," wọ́n á ní. "Ẹni tó bá káwọ́ gbera lónìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀ lọ́la."

Lọ́dún tó kọjá, kọńgílá olówó kan ládùúgbò wa mọ ògiri wọ ilẹ̀ opó kan. Pèrègún ààlà bọ́ sínú ọgbà kọńgílá, gbogbo wa ń wò ó. Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, pè wá jọ. Opó náà kọjú sí Bàbá Tíṣà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin àti ọkọ mi lẹ jọ gbin pèrègún yẹn."

Bàbá wolẹ̀. "Èmi ò ní dá sí i."

Háà! Ẹnu mi là, kò ṣeé pa dé. Bá a ṣe jáde, mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ omi kọńgílá ni gbogbo ilé mi ti ń pọnmi."

Nírọ̀lẹ́, mo jókòó tì wọ́n. Rédíò tún ní ìjọba kékeré kan ò dìbò. Mo dúró de òṣé.

Bàbá Tíṣà nawọ́, wọ́n pa rédíò.