Ìwé Tí Mo Lọ Gbà Lọ́wọ́ Bàbá

Agogo márùn-ún ìdájí ni mo jáde nílé wa ní Sabon Gari, tí mo forí lé ibùdókọ̀ rélùwéè. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe káfíńtà fún ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Kano, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí léèrè ìwé rí. Àfi bí ọ̀gá ṣe pè wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, tó ní kí oníkálukú lọ gba ìwé lọ́wọ́ baálẹ̀ ìlú rẹ̀ pé ọmọ Àríwá lòun. Ẹni tí kò bá rí i mú wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀rù kò bà mí. Abúlé bàbá mi kò jìnnà sí Ọ̀fà, ara Àríwá ni ìjọba sì ka gbogbo agbègbè náà mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ìjọba kà mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ń di ẹrù, mò ń bá wọn kẹ́dùn, inú mi sì ń dùn lábẹ́lẹ̀. Ìwà burúkú ni, mo jẹ́wọ́.

Ìjókòó onípákó líle ni mo rí jókòó sí. Ní Zaria mo ra fúrá, ìyẹn jéró gígún tí wọ́n pò mọ́ wàrà kíkan, kọ́bọ̀ méjì igbá kan. Kí a tó dé Kaduna, eruku ti sọ gbogbo wa di pupa. Lọ́jọ́ kejì a gba orí afárá Jẹ́bà kọjá, ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ní, "Ọpẹ́ o! A ti kúrò ní Òkè Ọya." Gbogbo ilẹ̀ tó wà lódìkejì odò Ọya lọ́hùn-ún ni àwa Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni baálẹ̀ abúlé náà. Mo lóṣòó kí i, bí a ti ń kí àgbà ní Kano. Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín: "Gàmbàrí ti dé!" Ojú tì mí, mo dọ̀bálẹ̀ kíá.

"Bàbá," mo ní, "wọ́n ní kí ẹ bá mi jẹ́rìí pé ará Òkè Ọya ni mí."

Ojú Bàbá yí padà. "Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Bàbá rẹ gbé ibẹ̀ títí ó fi kú, kò di Gàmbàrí. Ìwọ ni wọ́n wá fẹ́ gbà mọ́ wa lọ́wọ́?"

"Ti ìjọba ni mò ń wí, Bàbá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni."

"Mo gbọ́. Lọ jẹun. Màá bá ọ kọ ọ́ dáadáa."

Mo lọ jẹ iyán nínú ilé, n kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ níta. Akọ̀wé kan wá láti ọjà, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí Bàbá ń sọ, Bàbá tẹ àtàǹpàkò sí i, wọ́n sì lẹ ìwé náà pa. Èmi kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà, n kò sì lè ní kí Bàbá tú u.

Ní Kano, Málàm tó ń yẹ ìwé wò ka tèmi tán, ó wò mí lójú, ó wá fi Hausa túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Ọmọ wa ni Ràímì. Kì í ṣe ọmọ Àríwá, kò sì ní í jẹ́ ẹ láéláé. Àlejò yín ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà fún wa."

Mo ní Kano ni wọ́n bí mi sí. Ó mi orí. "Sai hàkúrì," ó ní, ìyẹn ni pé kí n ṣáà ṣe sùúrù. "Bàbá rẹ ló kọ ọ́, kì í ṣe èmi."

Ẹ̀yin tí ẹ óò lọ gba irú ìwé yìí, ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ óò fi béèrè rẹ̀: Òkè Ọya ni mo wí fún Bàbá, Àríwá ni akọ̀wé kọ. Inú ọ̀gá ń bí mi, inú Bàbá sì ń bí mi, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ ló mú Bàbá ṣe é. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi wálé. Ìyàwó mi bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n máa lọ sílé."

"Ilé wo?" ó ní. "Ṣebí ilé náà lẹ dé yìí?"