Kámẹ́rà Inú Ọkọ̀ Lásísì

Ọjọ́ tí wọ́n lé Lásísì, awakọ̀ tó ń gbé wa lọ sí Ìfọ̀, lẹ́nu iṣẹ́ ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Mo tẹ̀lé e lọ bá ọ̀gá rẹ̀, kí n lè bá a bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá náà fi ohun tí kámẹ́rà inú ọkọ̀ ká sílẹ̀ hàn wá: Lásísì fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Ẹ wò ó, mà. Ó ń sùn nídìí ọkọ̀."

"Rárá, ọmọ mi. Ojú rẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà ń yà, kò ya ọ̀nà. A ò tíì kúrò ní gáréèjì. Àdúà ló ṣe tán, tó fi ọwọ́ pa ojú."

"Kámẹ́rà kì í parọ́, mà."

Lásísì gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. "Ẹ ṣé, Tíṣà," ló wí, ó sì jáde.

Awakọ̀ tuntun kì í ṣàdúà kó tó gbéra. Ẹ̀rù kámẹ́rà ń bà á.