Apá Òsì Ojú Kọ̀ǹpútà

Òórùn kápẹ́ẹ̀tì tó ti mu omi òjò, tí ẹnikẹ́ni kò sì sá sóòrùn rí, ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni nínú ilé kọ̀ǹpútà tí à ń lọ lójú ọ̀nà Aùlé, nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Àkúrẹ́. Tí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá wá gba ojú fèrèsé wọlé, òórùn méjèèjì á dà pọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ wa títí dé yàrá. Ìwọ tó jẹ́ pé orí fóònù lo ti ń ṣe ohun gbogbo lè máa fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ nìkan ni a ti rí ẹ̀rọ tó lágbára tó láti gbé géèmù tí à ń ṣe nígbà náà. Géèmù orí ayélujára ni. Ìwọ àti àwọn tí o kò fojú rí rí ni ẹ ó jọ wọ inú ihò òkúta lọ bá dírágónì jà, irú èyí tí wọ́n máa ń kà fún wa nínú Ìwé Ìfihàn, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Oǹdó, ló mú mi mọ géèmù náà. Òun ni oníwòsàn nínú ẹgbẹ́ wa. Iṣẹ́ oníwòsàn ni pé kó máa ṣọ́ ọ̀pá ẹ̀mí gbogbo wa, ìyẹn àwọn ìlà aláwọ̀ ewé tó máa ń kúrú bí ọ̀tá bá ṣe ń lù wá. Tí ti ẹnì kan bá ti fẹ́ tán, á sáré tẹ orúkọ onítọ̀hún, á sì wò ó sàn. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ọkàn rẹ̀ kì í sì í gbóná. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú mọ́ ọn lọ́wọ́, èmi gan-an sì wà lára wọn. Olórí ẹgbẹ́ wa, ẹnì kan tí a mọ ohùn rẹ̀ nìkan, sọ fún un lójú gbogbo wa pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun á wá oníwòsàn mìíràn. Ọ̀rẹ́ mi yọ íápíìsì kúrò létí, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ọwọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí mo mọ̀ pé géèmù yẹn nìkan ni ibi tí wọ́n ti ń pè é ní èèyàn dáadáa.

Níbòmíràn, wọ́n ní agbéraga ni. Kì í kíni, wọ́n ní. Ọ̀gá tó ni ilé kọ̀ǹpútà yẹn, bàbá ọmọ Àkúrẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, máa ń jókòó sídìí tábìlì kékeré kan lápá òsì ẹni tó bá ń wọlé. Ọ̀rẹ́ mi á kọjá lára rẹ̀ fùú. Ṣùgbọ́n bó bá ń jáde lọ, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá náà sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ọmọ Oǹdó yìí, àfi tó bá ń lọ ulé kó tó rántí pé mo ju bàbá rẹ̀ lọ." Èmi náà rò ó títí, n kò rí ìdí rẹ̀.

Ìwà tèmi ni pé mi ò lè rí bọ́tìnì kí n má tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ wa ní ètò àfikún kan tí wọ́n gbà láti ibòmíràn, tó ń tún ojú géèmù tò fún wọn, tó sì ń pariwo bí ẹ̀mí ẹnì kan bá fẹ́ bọ́. Àwa kò lè gba irú rẹ̀. Bàbá Àkúrẹ́ ti kéde pé ẹni tó bá gbé nǹkankan wọ inú ẹ̀rọ òun, kó má padà wá mọ́. Mo wá ní kí n wo ohun tó wà nínú géèmù náà fúnra rẹ̀. Mo ń ṣí ọ̀kan, mo ń ti òmíràn, títí mo fi dé ibì kan tí mo tẹ̀, ni gbogbo nǹkan tó wà lójú kọ̀ǹpútà bá tú sílẹ̀: máàpù, àwọn bọ́tìnì ìjà, ọ̀pá ẹ̀mí. Gbogbo wọn ló ṣeé fà, ó ṣeé mú tóbi, ó ṣeé fi pa mọ́. Inú mi dùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ògiri yàrá òun ṣeé tì síwájú. A ti ń lo géèmù yẹn bí wọ́n ṣe gbé e fún wa, láìbi ẹnikẹ́ni bóyá ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó ti ọ̀rẹ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ọ̀pá ẹ̀mí àwa ọmọ ẹgbẹ́ wà ní igun òkè lápá òsì, níbi tí àwọn tó ṣe géèmù náà fi í sí. Mo ní ibẹ̀ ló jìnnà sí ojú rẹ̀, kí n bá a gbé e súnmọ́ àárín. Mo fà á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn tó ń darí.

"Ó ṣì jìnnà," ó wí.

Mo tún sún un. Ó ní ó kù díẹ̀. Mo gbé e dé àárín gan-an, ó ní kí n má dúró. Mo bi í bóyá géèmù là ń ṣe ni àbí a ń wá ibi tí a ó fi ilé kọ́ sí. Ìgbà tí mo gbé e kọjá àárín, tó bọ́ sápá ọ̀tún, ló mí kanlẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ibẹ̀ yẹn." Bí a ṣe kó gbogbo ẹrù lọ sápá ọ̀tún nìyẹn, tí apá òsì wá ṣófo bí àgbàlá tí wọ́n gbá. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa tún jà, ẹnikẹ́ni kò kú. Olórí yìn ín, ẹ̀rín sì gba gbogbo ojú rẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán lọ́kàn mi. Mo jókòó sórí àga rẹ̀ nígbà tó jáde lọ mu omi, mo gbìyànjú láti lo ojú géèmù tí a tò yẹn, àfi bí ẹni tó ń jẹun nínú àwo tí wọ́n kó ọbẹ̀ jọ sétí rẹ̀ kan. Ta ni irú èyí lè tù lára? Nígbà tó padà dé, mo dá ọ̀pá ẹ̀mí padà sápá òsì, mo ní kó tẹjú mọ́ àárín, kó sì sọ àwọ̀ ìlà òkè fún mi. Kíá ló yí ọrùn.

"Má yí ojú," mo wí.

"Tí n kò bá yí ojú, báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i?"

Mo rò pé ó ń ṣeré ni. Mo ní èmi ń rí i láti ibi tí mo jókòó sí, láì yí nǹkankan. Ó yíjú sí mi.

"Láì yí ojú? Ṣé gbogbo èèyàn ni?"

Ìbéèrè tí kò ní ẹ̀tàn kankan nínú ni ó bi mí, bí ìgbà tí èèyàn ń béèrè ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni tábìlì bàbá Àkúrẹ́ wá sí mi lọ́kàn: òsì ni nígbà tí a bá ń wọlé, ọ̀tún ni nígbà tí a bá ń jáde. Mo ní kó jáde síta, kó sì tún wọlé. Mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà, mo na ọwọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kọjá lára àwa méjèèjì, ó ń pe orúkọ mi, ó ń wá mi lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Bàbá náà dìde lórí àga rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dì í lápá mú, ó ní, "Ọmọ mi, o ò rí mi láti ọjọ́ yìí?" Ó sọ ilé ìwòsàn ojú tó yẹ kí a lọ fún wa, ó sì ní a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀.

Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní omi inú ojú ló ń tì í láti inú, tó sì ń ba iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ jẹ́. Ojú òsì ti lọ púpọ̀. Ti ọ̀tún náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ imú, ìyẹn apá òsì rẹ̀. Èyí tó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n tó bá ń kán oògùn sí i láì fo ọjọ́, èyí tó kù lè dúró. Ó sọ pé kì í dunni, kì í sì í ṣókùnkùn. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń fi ohun tó bá wù ú dí àlàfo náà. Ó wá béèrè bóyá ẹnì kan ní irú rẹ̀ nínú ẹbí.

"Bàbá mi fọ́jú," ọ̀rẹ́ mi wí. "Àwọn èèyàn ní ọjọ́ ogbó ni."

Mo bá a lọ sí Oǹdó lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, nítorí kò fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà gbé wọlé. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Nínú mọ́tò ló ti sọ fún mi pé ọdún tí wọ́n fi bàbá òun jọ̀gá ni àdúgbò sọ pé ìgbéraga wọ̀ ọ́. Á kọjá lára èèyàn, kò ní kí i. Wọ́n á kí i, á máa lọ. Télọ̀ kan tó ń gbé ní òdìkejì títì, tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Nígbà tí ìyàwó télọ̀ yìí kú, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, ó na ọwọ́ sí bàbá ọ̀rẹ́ mi. Bàbá kọjá, kò tilẹ̀ wí pé kú ará fẹ́ra kù. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Bàbá jókòó nínú pálọ̀, ó kọjú sí ibi tí ohùn wa ti ń wá. Ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀, ó sì sọ ohun gbogbo, láti orí géèmù dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìyá rẹ̀, tó ń pè ní Ìye, ti ń sunkún kó tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

"Apá wo ló kọ́kọ́ lọ?" Bàbá béèrè.

"Òsì ni, sà."

"Èmi náà, òsì ni. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń bínú sí mi."

Ìye kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó jáde láìwọ bàtà, ó sì sọdá títì.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń ríran lónìí. Ó ń kán oògùn rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òun náà sì ni oníwòsàn ẹgbẹ́ títí di òní. Èmi ni mo yí padà jù. Bí ẹnì kan bá kọjá lára mi láìkí mi, ó máa ń wù mí láti mọ ohun tó ń rí láti ibi tó wà, kí n tó bínú. Ìgbà mìíràn àfojúdi náà ni lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Síbẹ̀ mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Ṣùgbọ́n télọ̀ ni mo máa ń rántí. Ó wọlé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, kò sì kí ẹnikẹ́ni. Ìye ti sọ fún un lójú ọ̀nà. Ó fa àga kan, ó jókòó sápá òsì Bàbá.

"Níbí yìí ni mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn," ó wí.

"N kò rí ọ," Bàbá dáhùn. "Kú ará fẹ́ra kù."

Télọ̀ dìde, ó gbé àga rẹ̀ yí ẹ̀yìn Bàbá ká, ó sì wá jókòó sápá ọ̀tún. Ojú Bàbá méjèèjì ló ti fọ́ pátápátá nígbà yẹn, kò sí apá tó sàn ju èkejì. Gbogbo wa la mọ̀, a kò sì sọ ọ́ fún un.